Àwo Tó Kù Nínú Ìkòkò

Ọlọ́wọ́ Mẹ́fà ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn náà, inú rẹ̀ a sì máa dùn sí i. Òun ni olórí yàrá tí wọ́n ti ń se irin tí dókítà fi ń ṣiṣẹ́ abẹ, kí kòkòrò àìsàn ara wọn lè kú. A máa di irin, a máa dáhùn fóònù, a máa pàṣẹ fún àwọn obìnrin méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́jọ́ yìí, ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ọkọ rẹ̀ ń béèrè ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó na ìka sí àwo irin kan tí wọ́n fi aṣọ funfun dì lórí tábìlì, ó ní ṣé ó ti jinná. Ọlọ́wọ́ Mẹ́fà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, kò wo àwo náà. Nọ́ọ̀sì gbé e lọ.

Nígbà tó ṣí ìkòkò, àwo tó ti jinná ló bá níbẹ̀, ó ṣì ń rú èéfín.

Èyí tí nọ́ọ̀sì gbé lọ kò tíì wọ ìkòkò rárá. Obìnrin kan ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ lọ́hùn-ún. Ọkàn rẹ̀ ní kó dákẹ́: wọ́n ṣáà ti fọ irin náà, Ọlọ́run á bò ó. Ọlọ́run lè bò ó lóòótọ́. Bí kò bá wá bò ó ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé e sáré dé yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ dókítà, kò tíì kan ara.

“Dókítà, ẹ dákun, ẹ má fi kàn án. Irin tí a ò tíì sè ni mo fún yín.”

Dókítà rọra gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Màmá, nínú ọwọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èwo ló gbé e fún wa?”

“Èyí tí ojú mi ò sí lára ẹ̀ ni, sà.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n kó gbogbo irin náà kúrò, ó lọ gbé àwo tó jinná wá.

Kó tó jókòó ní yàrá rẹ̀, ó ti pín iṣẹ́ fún àwọn obìnrin méjì náà. Ẹnì kan á máa dáhùn fóònù, èkejì á máa dá ará ẹnu ọ̀nà lóhùn, òun á kọjú sí irin nìkan. Irin tí kò bá tíì wọ ìkòkò, aṣọ pupa ni kí wọ́n fi dì í, kì í ṣe funfun mọ́.

Nígbà tí wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì obìnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún náà jáde, tó ń fi ohùn wẹ́lẹ́ béèrè omi, Ọlọ́wọ́ Mẹ́fà fẹ̀yìn ti ògiri láti dúpẹ́. Ó gbà pé Ọlọ́run ló ní kí òun ṣí ìkòkò. Ta ló wá ní kí òun mi orí pé ó ti jinná? Ó dúpẹ́ bẹ́ẹ̀ náà, tẹ̀rùtẹ̀rù.