Adìẹ Méjìlá Tó Kú Nítorí Báláǹsì Mi

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé báláǹsì wọ abúlé Manigri, ìkòkò ni mo wọ̀n mọ́ ọbẹ̀. Báláǹsì ni ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fún wa níbi iṣẹ́. Ó lè sọ bí iyọ̀ tí èèyàn fi ìka mẹ́ta bù ṣe wúwo tó. Iṣẹ́ wa ni pé ká wọ ilé onílé, ká wọn gbogbo ohun tó ń lọ sínú ìkòkò, ká tún wọn oúnjẹ náà nígbà tó bá jinná, ká sì bu díẹ̀ sínú àpò ọ̀rá. A ó kó o sórí yìnyín, ó di lábò ní Kútọnu. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ omi rẹ̀, tí wọ́n ń sun ún di eérú, tí wọ́n sì ń wá ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ń fún ọmọ ní ẹ̀jẹ̀ àti egungun. Inú ìwé ńlá kan ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, oúnjẹ kan, ìlà kan.

Ọ̀gá wa, Dókítà Felisité, wo ìwé tí mo mú dé lọ́jọ́ náà. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Mulikátù, ṣé àwọn èèyàn rẹ máa ń jẹ ìkòkò ni?"

Mo ní rárá.

"Ó dáa. Yọ ọ́ kúrò nínú ọbẹ̀."

Èèyàn mi ni wọ́n lóòótọ́. Ọmọ Manigri ni bàbá mi, Bassila ni wọ́n bí mi sí. Mo gbọ́ èdè Nàgó, mo gbọ́ Anii, mo gbọ́ Faransé, ìdí tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe nítorí ìṣirò.

Ilé méjìlá ni wọ́n yàn fún mi ní Manigri. Mo máa ń ránṣẹ́ ṣáájú pé, "Mò ń bọ̀ lọ́la, ẹ se ohun tí ẹ máa ń sè." Ilé Ìyá Ráfíátù ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbin iṣu àti kajú. Iyán àti ọbẹ̀ adìẹ ni mo bá níbẹ̀. Ilé kejì, adìẹ. Ilé kẹta, adìẹ tó sanra ju ti ilé kejì lọ. Nígbà tó fi máa di ilé kẹjọ, bí alùpùpù mi bá ti dún lójú ọ̀nà, adìẹ á ti fò gun òrùlé. Èmi náà ń jẹ, mo sì ń kọ. Mo rò pé ọdún náà sàn fún wọn ni.

Dókítà Felisité ka ìwé mi parí. "Ilé méjìlá, adìẹ méjìlá. Ọdún wo ni wọ́n ń ṣe?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ìwé wa ni ilé ìwòsàn Bassila fẹ́ fi mọ àwọn abúlé tí wọn yóò máa fún àwọn ọmọdé ní ìyẹ̀fun àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà. Wọ́n ti yọ Manigri kúrò. Ta ló ń fi ìyẹ̀fun ta ẹni tó ń jẹ adìẹ lójoojúmọ́ lọ́rẹ? Bẹ́ẹ̀, mo ti rí àwọn ọmọ náà níbi tí wọ́n ti ń wọ̀n wọ́n. Apá àwọn kan tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Ìtìjú mú mi.

"Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan péré, ọ̀gá."

"Tí o bá tún kó adìẹ dé, ìwọ ni màá gbé sórí yìnyín."

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé alùpùpù mi sílẹ̀ lẹ́bàá títì, mo fẹsẹ̀ rìn wọlé Ìyá Ráfíátù lọ́sàn-án gangan. Bó ṣe rí mi, ó fi agbọ̀n bo ìkòkò kan, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó sì tẹ́ ìró rẹ̀ kalẹ̀ bí ẹní.

"Ẹ kú ọ̀sán, ìyá."

"Kú ọ̀sán, ọmọ mi. O ò ránṣẹ́."

"Òórùn kí ni mò ń gbọ́ yìí?"

"Bàtà bàbá Ráfíátù ni."

Ibi tí a dé nìyẹn tí ọkọ rẹ̀ fi ti oko wọlé, ọkọ́ léjìká. "Ìyá Ráfíátù, ọbẹ̀ oṣè yẹn ti jinná àbí kò tíì jinná?"

Ìyá wò ó bí ẹni tó bá ewúrẹ́ nínú àká iṣu. Bàbá wá rí mi. "Yéè! Ọmọ oníbáláǹsì! Jọ̀ọ́, àkùkọ kan ṣoṣo ló kù fún mi."

Ẹ̀rín pa mí, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ọbẹ̀ ewé oṣè oníirú ni ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun, mo sọ ti àwọn ọmọ.

"Ojú ló ń tì wá," ìyá ní. "Ta ló fẹ́ kí wọ́n kà á ní Kútọnu pé ewé ni òun ń jẹ? Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ tí Ráfíátù bí, wà lára àwọn tí o sọ yẹn." Ó ká ìró rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó ṣí agbọ̀n náà. "Wọ̀n ọ́n."

Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi káàkiri ilé mọ́kànlá yòókù, tó ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé kí wọ́n má pa nǹkan kan.

Nígbà tí èsì ti lábò dé, ẹnu ya gbogbo wa. Ohun tó ń mú egungun le pọ̀ nínú ọbẹ̀ oṣè wọn ju ti ọbẹ̀ adìẹ lọ fíìfíì. Àmọ́ èyí tó ń dé inú abọ́ ọmọdé kò tó nǹkan. Wọ́n dá Manigri padà sórí ìwé. Wọ́n wá ń kọ́ àwọn ìyá bí wọn yóò ṣe máa po ewé oṣè lílọ̀ àti irú mọ́ oúnjẹ ọmọ, àwọn tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yéé gé igi oṣè nítorí oko kajú.

Ìwé ńlá náà jáde lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Mo mú un lọ sí Manigri, mo ka ìlà ọbẹ̀ oṣè sí Ìyá Ráfíátù létí. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó di ojú, ó ń mi orí, àfi ìgbà tí mo dé orí iyọ̀ tó la ojú.

"Dúró níbẹ̀. Iyọ̀ ọjọ́ yẹn ò tó. Ìwọ lo kán mi lójú. Kọ̀wé sí wọn ní Kútọnu, kí wọ́n tún un ṣe."

Mo kọ ọ́. Dókítà Felisité fèsì pé wọn ò lè yí i padà mọ́, ṣùgbọ́n òun ti gbọ́. Nígbà tí mo jíṣẹ́ náà fún ìyá, ó ní, "Ó tì o. Sọ fún un kó wá fúnra rẹ̀. Màá sè é dáadáa."