Àpòòwé Tí Wọ́n Kàn Mọ́ Ògiri

Ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ omi ni. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Inú ilé lòun wà, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan, ọkọ rẹ̀ sì wà nídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé, ó ń bọ́jú. Ó ní, "Omi ti dé o. Ó lè má pẹ́." Obìnrin náà dáhùn pé òun gbọ́. Ó gbọ́ ìró àkàbà nígbà tí ọkùnrin náà gbé e kúrò lára ògiri, ó gbọ́ géètì, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, torí bí áyọ́ọ̀nù bá ti gbóná, kọ́là kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síra wọn: omi ti dé, iná ti lọ, ti ilẹ̀kùn, mò ń bọ̀. Bí ènìyàn bá mọ èyí tó máa jẹ́ ìkẹyìn, bóyá ìbá wá ọ̀rọ̀ tó wúwo ju omi lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń mọ̀?

Àtísì ni ọkọ náà, ọ̀kan nínú àwọn tí ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ pátákó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Alálẹ́tà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò kàwé kọjá kíláàsì kẹrin, ìyàwó rẹ̀ tí í ṣe alágbàfọ̀ kò tilẹ̀ dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí lẹ́tà ọkùnrin náà lára pátákó á rò pé òkè òkun ló ti kọ́ ọ. Á fi okùn tó ti fi ṣọ́ọ̀kì pa fa ìlà méjì, á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ọ̀pá pẹlẹbẹ kan kó má baà gbọ̀n, á wá fa lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í tún un fà. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò fún un ní òjìji, bíi pé oòrùn ń ràn láti apá òsì pátákó. Bí oníbàárà bá bi í bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ kan, á ní, "Ìwọ ni kó o kọ ọ́ sínú bébà wá. Èmi kì í kọ ọ̀rọ̀. Lẹ́tà ni mò ń kọ."

Kò síbi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ máa jọ lọ tí kò ní dúró wo pátákó lójú ọ̀nà. Ìyàwó á ti dé ibi tí wọ́n ń lọ, á ti jókòó, á ti kí ará ilé tán, kí ọkọ tó yọ, á sì máa ráhùn pé ẹnì kan ti ba ẹsẹ̀ lẹ́tà kan jẹ́ lára pátákó ní ìkóríta.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ dé, èyí tí ń tẹ pátákó sára rọ́bà. Ohun tí Alálẹ́tà ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe, ẹ̀rọ á ti ṣe é tán kí ènìyàn tó tán ìtàn kan. Iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Kò fi bẹ́ẹ̀ bínú. Ó ní rọ́bà á ya, ọ̀dà ò ní ya. Rọ́bà ń ya lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti ya ni wọ́n ń tẹ òmíràn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Ó lọ sí yunifásítì, ó kọ́ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀, ìyẹn bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ wọn ilẹ̀ tí a sì ń ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé. Lọ́jọ́ tó mú sàtífíkéètì wálé, bàbá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e síwá sẹ́yìn, ó wò ó títí. Ó ní lẹ́tà ibẹ̀ ò burú, àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ kánjú.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni ọmọ náà fi wá iṣẹ́. Á lọ tẹ lẹ́tà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, á fi í sínú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀, á kọ àdírẹ́ẹ̀sì sí i, á gbé e sórí tábìlì. Bàbá rẹ̀ ló ń bá a mú un lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, torí ó bọ́ sọ́nà iṣẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fèsì. Àdúgbò sọ ọmọ náà ní Yunifásítì. Wọ́n á ní, "Yunifásítì, wọn ò tíì pè ẹ́?" Kò sí ìkà nínú ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń bèèrè bóyá òjò máa rọ̀ ni wọ́n ṣe ń bèèrè rẹ̀. Ó dé ibi tí ọmọ náà kò fi gba iwájú ilé jáde mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà.

Nígbà tí lẹ́tà pé mọ́kànlélógún, bàbá rẹ̀ dábàá pé kí òun máa bá a kọ ojú àpòòwé. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣé, àmọ́ wọ́n á rò pé ìpolówó ọṣẹ ni." Bàbá ní kò burú, ó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, Alálẹ́tà kò sì rí ìdí tí ti ọmọ òun á fi dákẹ́ níbi tí búrọ́ọ̀ṣì wà. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ bá ti gbé àpòòwé sórí tábìlì tó jáde, bàbá á tú u, á yọ lẹ́tà inú rẹ̀, á fi í sínú àpòòwé funfun tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ: lẹ́tà pupa tó fi dúdú yí etí rẹ̀ ká, òjìji aláwọ̀ búlúù, ìlà tín-ínrín kan nísàlẹ̀. Á da nọ́ńbà fóònù ọmọ náà kọ sí ẹ̀yìn.

Obìnrin náà mọ̀. Òun ló ń lẹ̀ ẹ́. Sítáàṣì tó ń lò fún kọ́là àwọn oníbàárà ló máa ń pò kó ki, á fi ìka pa á sétí àpòòwé, á gbé áyọ́ọ̀nù kọjá lórí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, á lẹ̀ pinpin. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá kò ní dìjà. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyá ọmọ mi, mọ́kànlélógún ló fi àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ kó lọ. Èwo ló padà wá kí wa?" Obìnrin náà na ọwọ́ gba àpòòwé náà. Ó pa sítáàṣì. Ogún ni wọ́n fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó yá, fóònù dún. Ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ kan ni. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ ní ọ̀gá fẹ́ rí ọmọ náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀ lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà kó gbogbo ìwé rẹ̀ sínú fáìlì, ó gba iwájú ilé jáde, ó ń kí gbogbo ènìyàn.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti dé. Bàbá rẹ̀ wà ní ìjókòó, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì nínú agolo. Ìyá rẹ̀ jókòó ti báàfù, ó ń po sítáàṣì. Ọmọ náà kò jókòó. Ó ròyìn fún wọn pé wọ́n mú òun wọ yàrá ọ̀gá, àgbàlagbà kan tó lo awò ojú, pé máàpù ló kún ara ògiri rẹ̀, àti pé láàárín àwọn máàpù náà ni wọ́n fi píìnì kan àpòòwé funfun kan mọ́. Orúkọ ọ́fíìsì náà ló wà lára rẹ̀, tòun ti òjìji. Wọn ò tú u. Ọ̀gá ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọwọ́ làwọn fi ń kọ lẹ́tà sára máàpù, pé ó ti tó ogún ọdún tí òun ti rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó bi í bóyá òun ló kọ ọ́. Nígbà tó dáhùn pé kì í ṣe òun, ọwọ́ bàbá òun ni, ọ̀gá ní kó lọ bá òun mú bàbá rẹ̀ wá, nítorí ilẹ̀kùn mẹ́sàn-án wà tí àwọn fẹ́ kọ orúkọ sí.

Bàbá rẹ̀ bi í pé, "O ò sọ fún un pé lẹ́tà wà nínú ẹ̀?"

"Ojú tì mí, Bàbá. Mo ti dúró síwájú ẹ̀ pẹ̀lú fáìlì." Ó gbé fáìlì rẹ̀ sílẹ̀. "Mélòó lẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ogún."

"Ogún. Ogún ọ́fíìsì ló ti fi mí ṣe ọ̀ṣọ́ ilé nìyẹn."

Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ sí i?"

Ọwọ́ obìnrin náà wà nínú sítáàṣì títí dé ọrùn ọwọ́. "Níbo ni màá ti mọ̀?" ló sọ.

Alálẹ́tà gbójú sókè wò ó. Ó tún wo búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Èmi nìkan ni," ó ní. "Màmá ẹ ò mọ nǹkan kan."

Láti ọjọ́ náà, ọmọ náà kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń kí i láràárọ̀, torí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kò ní ṣàì kí bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi ìkíni náà ni ọ̀rọ̀ ń parí sí. Bí bàbá bá wọlé, ọmọ á rántí nǹkan tó fẹ́ ṣe ní yàrá.

Alálẹ́tà lọ ṣiṣẹ́ náà. Ilẹ̀kùn kan lóòjọ́ ni. Bó bá dé lálẹ́, á sọ fún ìyàwó rẹ̀ bí igi ilẹ̀kùn ibẹ̀ ṣe dán tó, á sọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ gùn jù. Kò dárúkọ ọmọ wọn nínú ọ̀rọ̀ náà, ìyàwó náà kò sì bi í. Ó tó ìgbà méjì tí obìnrin náà rò ó pé òun á pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun á sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Ó wò ó pé ìbínú ọmọdé kì í pẹ́, ó jẹ́ kó máa lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí omi dé yẹn, Alálẹ́tà parí ilẹ̀kùn kẹjọ ní nǹkan bí aago kan. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó dojú garawa ọ̀dà bolẹ̀, ó jókòó lé e, ó fi orí ti ògiri. Akọ̀wé ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó rò pé ó ń sinmi. Nígbà tó tún kọjá, ó kí i, kò dáhùn. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dúró, pé bóyá ni kò fi jẹ́ pé kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n sìnkú rẹ̀. Àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn wá, wọ́n lọ. Àkàbà rẹ̀ padà wálé nínú ọkọ̀ ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì ìsìnkú.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà kí lẹ́tà tó dé. Orúkọ ọmọ náà ló wà lára rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kà á fún ìyá rẹ̀: àwọn awọnlẹ̀ náà ti gbà á síṣẹ́, kó wá bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù tuntun. Ó tún wo òkè ìwé náà. Ọjọ́ Rú ni wọ́n kọ ọ́, ọjọ́ kan ṣáájú ikú bàbá rẹ̀. Ó ká a, ó tún un tú, ó tún un wò.

Ọ̀gá awọnlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ wá kí wọn nírọ̀lẹ́ Sátidé. Ó jókòó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní ní Ọjọ́ Rú yẹn, orí àkàbà ni Alálẹ́tà wà nígbà tó pe òun. Ó ní, "Ọ̀gá, ilẹ̀kùn méje ni mo ti kọ fún yín. Ẹ ò ṣe kúkú tú àpòòwé kan fún mi." Òun rẹ́rìn-ín, òun lọ yọ ọ́ lára ògiri. Ọ̀bẹ lòun fi là á.

"Ó lẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ," ọ̀gá náà wí. "Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ nǹkan tó ń ṣe."

"Bàbá mi ni," ọmọ náà dáhùn.

Ìyá rẹ̀ ń wo etí aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀. Ó ń fi ìka tẹ́ ẹ.

Ọ̀gá náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní nígbà tí òun ka lẹ́tà, tí òun rí àwòrán ilẹ̀ tí ọmọ náà fi sínú rẹ̀, òun gbé fóònù láti pè é lójú ẹsẹ̀. Alálẹ́tà ní kí òun má pè é, kí òun kọ ọ́ sínú ìwé, kí òun fi í ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó bá a nílé bíi lẹ́tà gbogbo ayé. Tó bá mọ̀ pé mo dá sí i, kò ní gbà á."

Ọmọ náà dìde, ó ní òun ń lọ gbé omi wá fún àlejò. Ó pẹ́ kó tó dé.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọjọ́ Ajé. Yàrá tí wọ́n fún un ló wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kẹsàn-án. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ló wá tẹ orúkọ sí i, lẹ́tà rọ́bà, etí ọ̀kan ti ń ká sókè. Kò bó o kúrò. Ó ń kọjá ilẹ̀kùn mẹ́jọ tí bàbá rẹ̀ kọ láàárọ̀, ó ń kọjá wọn nírọ̀lẹ́. Ó ń ya máàpù. Ó ti ra bàtà tuntun, àdúgbò sì ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Ọ̀gá Yunifásítì.

Lọ́jọ́ kan tí ìyá rẹ̀ ń bá a lọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sọ ọ́ bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀: "Bàbá nìkan ló ń jà fún mi nígbà yẹn, òun náà ni mo sì bá ṣọ̀tá." Obìnrin náà la ẹnu. Ó ní kó fún òun ní apá aṣọ kejì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìsìnkú ló wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ọmọ ṣì tuntun, kò yẹ kéèyàn da ọkàn rẹ̀ rú. Lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin náà ń dúró de ọjọ́ tó máa dára, ọjọ́ tó dára ò sì wọ́n, àwọn kan wà láàárín ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí. Ó ti di oṣù méje. Kò tíì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ló lẹ àwọn àpòòwé náà.