Rédíò Inú Ìjàpá Bàbá Mi

Láàárọ̀ àná, bí mo ṣe ń wakọ̀ láti ibùdókọ̀ Command lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, ní Èkó, rédíò ọkọ̀ mi tún bẹ̀rẹ̀ wèrè rẹ̀. Pásítọ̀ kan ń lé ẹ̀mí àìmọ́, ẹni tó ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí sì já wọ àárín àdúrà náà. Àwọn méjèèjì wọ̀yá ìjà títí ariwo ṣààà fi gbé wọn mì. Ọwọ́ mi kò bi mí léèrè kó tó fọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù létí. Ọmọbìnrin mi tó jókòó tì mí sọ pé, "Mọ́mì, ẹ má lù ú mọ́ jàre. Ẹ jẹ́ n fi fóònù mi sí i." Ṣààà yẹn ti gbé mi lọ síbi tí ọmọ náà ò mọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lè mọ ohun tí rédíò jẹ́ nígbà tí a wà ní kékeré. Káfíńtà ni bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní Ìkọ̀tún, ó sì ní mọ́tò kékeré ẹlẹ́yìn rìbìtì tí gbogbo ayé ń pè ní ìjàpá. Pákó àti gúlúù ló máa ń rùn nínú rẹ̀. Rédíò ibẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ láìjẹ pé wọ́n nà án. Láràárọ̀ tí bàbá mi bá ń gbé mi lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Ìgàndò, á lù ú kó lè jí, á sì tún lù ú nígbà tó bá ń wúkọ́. Ìkéde òkú láti Ìbàdàn ni kì í fẹ́ kó kọjá òun. Orí rédíò ni wọ́n ti ń pe ọmọ tó wà lẹ́yìn odi wá sílé nígbà náà, òkú Mùsùlùmí bíi tiwa kì í sì í pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tí kò bá tètè gbọ́, sàréè ló máa bá. Nítorí náà, ẹni tó bá yanu nígbà ìkéde, ẹ̀yìn ọwọ́ bàbá mi á ti dé ẹnu rẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Mo jẹ nínú rẹ̀ dáadáa. Mo bẹ̀rù ọkùnrin náà, mo sì kórìíra rédíò yẹn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ọjà Ìkọ̀tún ni nígbà tí olùkéde sọ pé, "Agbo ilé Eléṣin, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ń fi ìbànújẹ́ kéde ikú ìyá wọn..." Ló bá di ṣààà. Agbo ilé wa nìyẹn. Bàbá mi tẹ bíréèkì láàárín títì. Ó fi ìkúùkù gbá rédíò, kò dáhùn. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó yọ òòlù nínú àpótí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án bí ẹni ń kan ìṣó. "Dárúkọ," ló ń wí. "Mo ní kí o dárúkọ." Ike ń fọ́, ó ń ta sí mi lójú, mo sì ń ké.

Típà oníyanrìn kan wà lẹ́yìn wa. Awakọ̀ rẹ̀ fun fèrè títí ó fi sú u, ló bá bọ́ sílẹ̀, ó fa bàbá mi jáde pẹ̀lú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ṣé títì bàbá ẹ nìyí ni?" Ìfọ́tí ló tẹ̀ lé e. Òòlù bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi, Ọlọ́run ló yọ wá, bàbá mi wá fi orí kan awakọ̀ náà nímú. Wọ́n yí lulẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Eyín bàbá mi kan yọ, ẹ̀jẹ̀ bò wọ́n. Àwọn èrò ń pariwo pé kí wọ́n là wọ́n, kò sì sẹ́ni tó sún mọ́ wọn. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n máa pa bàbá mi sí. Awakọ̀ náà gun àyà rẹ̀, ó gbé ìkúùkù sókè, ó ní, "Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an?"

"Ìyá mi ti kú," ni bàbá mi wí. "Àbí wọn ò kú. Mi ò mọ̀. Rédíò ò parí ọ̀rọ̀."

Ìkúùkù náà ò sọ̀ mọ́. Ọkùnrin náà dìde, ó fa bàbá mi sókè, ó tú aṣọ ìnujú tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu bàbá mi kó tó kan imú ara rẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa lọ. Ẹ ṣáà rọra wakọ̀."

A ò yà sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Bàbá mi dorí mọ́tò kọ Ògbómọ̀ṣọ́ tààrà. Nígbà tí a wọ agbo ilé, ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ìyá arúgbó tó wà ní yàrá kejì ló kú. Ìyá bàbá mi gbójú sókè, ó rí ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ rẹ̀, ló bá da igbá ẹ̀gúsí nù, ó ki ọmọ odó mọ́lẹ̀. "Ta ló nà ọ́? Ẹ gbé mi lọ sí Èkó." Bàbá mi wólẹ̀, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń na rédíò láti ẹ̀yìn wá, ẹ̀rù náà ló sì ń nà mí. Ìyẹn ò ní kí ẹnu má dùn mí o.

Ìjàpá yẹn ti jẹrà. Àwọn tó ń fetí sí ìkéde òkú lórí rédíò kò tó nǹkan mọ́, fóònù ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi so fóònù mi mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀, a sì ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ́nà Ìgàndò nígbà tí àbúrò mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́. "Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ti lọ." Ohùn rẹ̀ já gaara. Kò sí ṣààà, kò sí àbí, kò sí ìdí tí èèyàn fi máa sáré lọ wò ó bóyá irọ́ ni. Mo na dáṣíbọ́ọ̀dù náà, mo tún nà án, bóyá ó máa gé ọ̀rọ̀ yẹn. Àbúrò mi rò pé mi ò gbọ́ ni, ló bá tún un sọ.