Ìdáríjì Tí Ummuhani Kò Tọrọ

Bí ẹ bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu Ummuhani, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Abidjan ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí bàbá rẹ̀, Alhaji Sùlàímọ́nù tó ń ta aṣọ níbẹ̀, kó gbogbo ilé padà wá sí Èjìgbò. Faransé ló kún ẹnu rẹ̀ nígbà náà, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ́ni nílé ìwé. Àwọn ọmọ àdúgbò fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, èmi tí mo jẹ́ télọ̀ ojúde wọn náà ò sì gbẹ́yìn. Ọmọ náà ò bínú. Ó wá ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì kan, ó jókòó tì í, ó sì ń kó o sórí bí ọmọ kéwú ṣe ń kó súrà. Nígbà tí yóò fi wọ yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti gún régé ju ti àwa tí à ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ.

Yunifásítì náà ò sí ní ìpínlẹ̀ wa, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀, kí wọ́n má baà pè mí lẹ́jọ́. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló lọ kọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, àwọn olùkọ́ rẹ̀ sọ fún un pé bí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ bá ti yege, àwọn yóò gbà á dúró kó máa kọ́ni. Kò sí ohun mìíràn tó wù ú láyé. Ó lọ sí Masífà, nítòsí Èjìgbò, láìmọye ìgbà, ó jókòó ti àwọn àgbẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́, ó gba ohùn wọn sórí fóònù, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àfi bí yunifásítì ṣe lọ ra ẹ̀rọ tuntun kan. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni láti mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ́ kí ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí wọ́n ń pè ní AI, bá wọn kọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n ti iṣẹ́ Ummuhani bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, ẹ̀rọ ní ènìyàn kọ́ ló kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì náà gún jù! Inú bí mi débi pé mo gé aṣọ oníbàárà kan bàjẹ́ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ní kó wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ yunifásítì. Ó ti múra tán: yóò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn àwọn àgbẹ̀, yóò sì ní kí wọ́n fún òun ní bébà, kí òun kọ ojú ìwé kan lójú wọn. Alhaji ní òun ò lè jẹ́ kó dá lọ síwájú àwọn àgbà. Ó ní kí n tẹ̀ lé àwọn.

Bí a ti wọlé, kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olújídé, alága ìgbìmọ̀, tó lanu, Alhaji ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bí a ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn: bí àgbà bá ń bínú, ẹ ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ kí inú rẹ̀ rọ̀, lẹ́yìn náà lẹ ó tó ṣàlàyé.

"Ẹ dákun, ẹ ṣàánú wa," ni Alhaji wí. "Ọmọ yín ni. Ohun yòówù kó ṣe, ẹ forí jì í."

"Non, Papa," ni Ummuhani sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Mi ò ṣe nǹkan kan."

"Kúnlẹ̀! Ṣé o ò rí mi nílẹ̀ ni?"

Ó kúnlẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú," ló rí sọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí akọ̀wé. "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti jẹ́wọ́, ó sì ti tọrọ àforíjì."

Ọmọ Yorùbá ni ọkùnrin yẹn o! Ó mọ̀ dájú pé ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀, ẹ̀bẹ̀ náà sì wá sọ iṣẹ́ di ìrọ̀rùn fún un. Mo pariwo mọ́ ọn, wọ́n ní kí n jáde.

Wọ́n ní àwọn ò ní lé e. Yóò gba ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n máàkì tó kéré jù lọ ni wọn yóò fún iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ kó máa kọ́ni sì ti parí. Wọn ò gbọ́ ohùn àgbẹ̀ kankan.

Nínú mọ́tò, ṣe ni Alhaji ń dúpẹ́. "Alhamdulillahi. Wọ́n ti dárí jì ẹ́, ọmọ mi. Wọn ò lé ẹ."

A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Èjìgbò. Ummuhani wá yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Papa, wọ́n ti dárí ohun tí mi ò ṣe jì mí. Ta ni mo wá fẹ́ lọ bá báyìí, pé mi ò ṣe é?"