Ẹyẹ Tí Kì Í Ṣe Àdàbà

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ọ̀dà ní Sango, ohun àkọ́kọ́ tí mo rà fún ara mi ni agbọ̀n òdòdó kan tí wọ́n fi wáyà hun. Mo gbé e kọ́ sí iwájú ilẹ̀kùn mi ní Oju Ore, níbi tí eruku tírélà kì í ti í jẹ́ kí nǹkan mọ́ fún ọjọ́ méjì. Gbogbo ará ilé ló ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Kò pẹ́ tí ẹyẹ méjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbẹ̀. N kò mọ orúkọ wọn, n kò sì ní purọ́ pé mo mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ní, orí wọn dúdú díẹ̀, ariwo wọn sì ju ara wọn lọ. Wọ́n ń já koríko, wọ́n ń fa okùn lára àpò ìrẹsì, wọ́n tilẹ̀ rí ọ̀rá ilé iṣẹ́ kan gbé wá. Àárín òdòdó mi ni wọ́n hun gbogbo rẹ̀ sí. Mo gun àpótí, mo yọjú wò ó: ẹyin ni. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo yé e.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti bomi rin òdòdó mọ́, kí omi má baà ba ẹyin jẹ́. Òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀.

Aládùúgbò mi, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín èmi àti òun, ní ọmọbìnrin kan tó lóyún, tó wá dúró tì í kó lè bímọ sí i lọ́wọ́. Ìjọ kan náà ni a jọ ń lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aládùúgbò mi yìí dúró sábẹ́ agbọ̀n náà, ó wòkè, ó wò mí.

"Mọ́mì, òdòdó yín ń kú, ẹyẹ sì ń ké lórí ẹ̀. Ọmọ mi ló ń gba ibí kọjá o."

"Mi ò bomi sí i ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò bomi sí i?"

"Nítorí ẹyẹ ni."

Ó mi orí bí ẹni pé mo ti jẹ́wọ́.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Opó ni mí, mo ń dá gbé, irun mi sì ti funfun. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí ohunkóhun bá ṣe oyún yẹn, èmi ni àjẹ́ àná. Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n inú bí mi ju bí ẹ̀rù ti bà mí lọ.

Ẹyin ti pa nígbà tí ìpàdé àdúrà ilé yí dé ọ̀dọ̀ mi, torí láti ilé dé ilé ni a máa ń ṣe é. Aládùúgbò mi ti sọ ọ̀rọ̀ ẹyẹ náà fún aṣáájú wa. Aṣáájú mú òróró àdúrà lọ́wọ́. Aládùúgbò mi mú igi gígùn tí a fi ń gbá àjà. Ọmọ tí mo lè bí ni aṣáájú yìí, kò sì fẹ́ ìjà.

"Mọ́mì," ó rọra wí, "ṣé kì í ṣe àdàbà ni?"

Gbogbo wọn wò mí. Ó ń ṣílẹ̀kùn fún mi ni. Bí mo bá ní àdàbà ni, Ẹ̀mí Mímọ́ ti bà lé ilé mi nìyẹn. Wọn á hó halelúyà, wọn á yọ fóònù, wọn á ya fọ́tò. Ọ̀rọ̀ kan péré ni.

"Kì í ṣe àdàbà," ni mo wí. "Ẹyẹ lásán ni. Ó ń tọ́ ọmọ."

Mo gbé àga mi sábẹ́ agbọ̀n náà, mo jókòó. "Ẹni tó bá fẹ́ fi igi kàn án, orí mi ni kó kọ́kọ́ kàn. Tí ẹ bá sì fẹ́ da òróró, ẹ dà á sí mi lórí."

Aṣáájú dà á. Òróró ṣàn wọ inú bùbá mi. Wọ́n ṣe àmín, mo ṣe àmín. Ìyá ẹyẹ gba orí gbogbo wa kọjá pẹ̀lú kòkòrò lẹ́nu, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń pariwo. Kò sẹ́ni tó gbé igi sókè.

Ọmọbìnrin náà bímọ láyọ̀, èmi náà sì bá wọn gbé ọmọ jó. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ dìde jẹ́rìí ní ìjọ pé òróró tí wọ́n dà sí orí ẹnì kan nínú ilé àwọn ló ṣẹ́gun ọ̀tá. Wọ́n hó. Àwọn kan ti ń bojú wẹ̀yìn wò mí.

Mo bọ́ síwájú, mo gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní èmi lẹni tí wọ́n da òróró sí lórí. Mo ní àwọn ọmọ ẹyẹ mi ti fò, gbogbo wọn ló yè. "Ẹ yin Olúwa."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo tún un wí. Aṣáájú na ọwọ́ láti gba máìkì, n kò fún un. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò wọ́n lójú, títí wọ́n fi dáhùn.