Aṣọ́lé Kejì

Ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980, àwa obìnrin kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n ń sanwó oṣù fún nítorí pé a mọ họ́kì gbá. Bí mo bá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Wọ́n rò pé mo ń purọ́ ni. Alájì kan tó ní iléeṣẹ́ ìlapákó ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ó ti gbé ìlú òyìnbó nígbà èwe rẹ̀, ó sì ní òun rí àwọn kan níbẹ̀ tí wọ́n ń gbá họ́kì lórí yìnyín, tí wọ́n wọ bàtà onírin, tí wọ́n ń yọ̀ káàkiri bí ẹja. A bi í pé ṣé wọn kì í ṣubú ni. Ó ní wọ́n ń ṣubú, wọ́n sì tún ń jà. Tiwa kò ní yìnyín. Ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́yìn iléeṣẹ́ náà ni pápá wa, a sì máa ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ kí eruku má baà bo gbogbo wa mọ́lẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àwa obìnrin tó ń fi ọ̀pá lé òkúta kiri. Bọ́ọ̀lù họ́kì le bí òkúta lóòótọ́. Ní inú ilé gọ̀lù, Alájì ní kí wọ́n fi pákó gígùn kan dábùú ìsàlẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù nínú igi tí wọ́n là. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, pákó náà á dún gbàmù, àwọn tó ń la igi lọ́wọ́ pàápàá á gbọ́, wọ́n á sì mọ̀ pé wọ́n ti gbá a wọlé wa. Kò sí ohùn tí aṣọ́lé kórìíra tó ohùn yẹn.

Aṣọ́lé ni mí, àmọ́ aṣọ́lé kejì. Iṣẹ́ aṣọ́lé kejì kò ju pé kó jókòó lọ. Owó ọkọ̀ nìkan ni mo ń gbà, nítorí ààyè aṣọ́lé kan péré ni Alájì ń sanwó fún. Ẹni tó wà ní ààyè náà jù mí lọ bí ọdún mẹ́fà, Ẹ̀gbọ́n sì ni mo ń pè é. Ọmọ ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde ni. Ọkọ rẹ̀ ti lọ, kò padà, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ fún un, iṣẹ́ aṣọ́lé yìí ló sì fi ń rán ọmọ náà lọ sí iléèwé dáadáa kan. Yàrá kan náà ni àwa méjèèjì ń sùn. Òun ló kọ́ mi bí mo ṣe máa di tìmùtìmù mọ́ ojúgun, bí mo ṣe máa fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù dànù, àti pé kí n má ṣe di ojú. Ó ní, "Bí o bá di ojú, bọ́ọ̀lù náà kò ní torí ìyẹn dúró."

Ẹ̀gbọ́n dára lẹ́nu gọ̀lù, kí n má purọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, wọ́n nà wá bí ẹni na ẹ̀wù, gbàmù, gbàmù, títí ojú fi ń tì wá láti gba àárín ọjà kọjá. Òun ló dá wa dúró. Ó ń pariwo mọ́ àwọn tó wà níwájú rẹ̀, ó ń sọ ibi tí wọ́n máa dúró sí, nígbà tí òjò sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, a ti gòkè. Ó wá ku ìdíje kan ṣoṣo, àwa àti ẹgbẹ́ kan láti Abẹ́òkúta, lórí pápá tiwa, lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó bá borí ni yóò bọ́ sí ìpele tó ga jù lọ.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa jẹ́ ọmọ Èkìtì, ọkùnrin gbígbẹ kan tí kì í rẹ́rìn-ín ṣáájú ìdíje. Òfin kan ló ní. Ẹni tí kò bá sí lórí pápá nígbà tí fèrè bá dún, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Ó ti lé ẹnì kan báyìí rí, nítorí ìkómọjáde àbúrò rẹ̀, kò sì gba ẹ̀bẹ̀.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje náà, ìránṣẹ́ dé láti abúlé wa, lẹ́yìn Ayépé, pé ara màmá mi kò yá, pé kò jẹun láti àná. Ibà dá èmi náà dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ń ṣe ni mo ń gbọ̀n. Mo gbìyànjú láti dìde, ilẹ̀ yí mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tì mí padà sórí ẹní.

Ó ní, "Dùbúlẹ̀. Èmi á lọ. Mo máa sùn tì wọ́n, mo máa kúrò níbẹ̀ ní kùtùkùtù. Ṣebí ọ̀sán la máa gbá a."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àsìkò Agẹmọ la wà yìí o."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni Agẹmọ ń wọ̀lú. Ọ̀la ṣì ni Sátidé."

Ohun tí mo sọ nìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì dé dúró. Ọmọ ìgboro ni Ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ tí Agẹmọ ń wọ Ìjẹ̀bú-Òde ni àwọn ará ìgboro mọ̀. Àwa ọmọ abúlé la mọ ọjọ́ tí àwọn Alágẹmọ tiwa ń gbéra nílé, nítorí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, ọ̀nà sì jìn. Bí wọ́n bá ti fẹ́ gbéra, gbogbo obìnrin á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ fojú kàn wọ́n. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìgboro ni tiwa. Mo ti mọ èyí láti kékeré bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Kí ló dé tí n kò sọ ọ́? Ibà ni. Mo ti sọ fún ara mi pé ibà ni títí ó fi sú èmi fúnra mi. Ẹ̀gbọ́n ra búrẹ́dì àti oògùn, ó ká ìró kan sínú báàgì, ó sì jáde lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ibà ti fi mí sílẹ̀. Ara mi fúyẹ́. Mo lọ sí pápá láti lọ jókòó gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ẹ̀gbọ́n kò sí níbẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, kò dé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ń wo ẹnu ọ̀nà, ó tún ń wo aago. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ abúlé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lójú kedere. Mo sáré lọ sọ fún un. Ó ní, "Agẹmọ wo? Lọ wọ tìmùtìmù."

Mo wọ̀ ọ́. Tìmùtìmù Ẹ̀gbọ́n ni, òógùn rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ pé inú mi bàjẹ́ lórí pápá lọ́jọ́ náà. Kò bàjẹ́. Inú mi dùn débi pé ó ń bà mí lẹ́rù. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá sí mi, mo fi ẹsẹ̀ ta á dànù, gbogbo àwọn tó jókòó wòran lórí ìtì igi hó yè. Wọn kò hó fún mi rí láyé. N kò di ojú. Nígbà tí fèrè ìsinmi dún, a ti gbá ọ̀kan wọlé wọn, wọn kò tíì gbá ìkankan wọlé wa. Àwọn yòókù ń mu omi, àwọn kan ń sọ pé ṣé kò sí nǹkan tó ṣe Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀nà báyìí. Èmi kọjú sí ẹnu ọ̀nà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Mo ní, "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó tíì dé." Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu mi jáde gan-an nìyẹn. Mo bẹ Ọlọ́run kó dá ẹni tó lọ tọ́jú ìyá mi dúró sí ọ̀nà.

Ọlọ́run gbọ́ o. A borí.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lọ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wọlé, eruku bò ó dé orúnkún. Kò kí mi, kò jókòó. Ó ní, "Ṣé a nà wọ́n?" Mo ní a nà wọ́n. Ó dì mọ́ mi, ó gbé mi sókè nílẹ̀, ó ń jó. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ló wá sọ pé màmá mi ti jẹun, ara wọn ti ń balẹ̀, pé kí n fọkàn balẹ̀. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, akọ́nimọ̀ọ́gbá ní kí Ẹ̀gbọ́n kó ẹrù rẹ̀. Mo lọ bá a, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ abúlé yẹn, kí ló dé tí o kò sọ fún un?" Mo tún tọ Alájì lọ, nítorí mo rò pé òun tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú á mọ ọ̀rọ̀ Agẹmọ. Ó sì mọ̀ ọ́n.

Alájì ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ yé mi. Kò jẹ̀bi. Àmọ́ ààyè aṣọ́lé kan ni mo ní. Akọ́nimọ̀ọ́gbá fẹ́ ìwọ. Bí o bá ní kí n dá a padà fún ẹ̀gbọ́n rẹ, mo máa dá a padà báyìí. Ṣé kí n dá a padà?"

Ilẹ̀ ni mo ń wò. Mo rántí bí wọ́n ṣe hó yè lórí ìtì igi. Alájì dúró tó dúró, lẹ́yìn náà ó ní kí n máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n kò bá mi jà. Ì bá jà, ara ì bá tù mí. Ń ṣe ló ní, "Má sunkún mọ́. Bí àwa méjèèjì bá kúrò níbẹ̀, ta ló jèrè?" Ó mú ọmọ rẹ̀ kúrò níléèwé, wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ kan ní Ṣàgámù, tó ń ta búrẹ́dì. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣù rẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, wọ́n máa ń fi ìyẹn kí mi ní pápá, tẹ̀ríntẹ̀rín, èmi náà á sì rẹ́rìn-ín.

N kò lọ sí abúlé fún ìgbà pípẹ́. Owó ni mo ń fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo wá lọ, màmá mi ti le koko, wọ́n ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé. Ìjẹ̀bú ponbele ni wọ́n ń fọ̀, èmi ni mo yí i sí ti ìwé níbí yìí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ọmọ mi kejì dà?"

Mo ní ó ti kó lọ sí Ṣàgámù. N kò sọ ìdí rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọmọ dáadáa ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n sé wa mọ́lé yẹn, ó kọ́kọ́ ń rìn sókè rìn sódò nínú yàrá, ó ń gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin níta, ó ń bi mí bóyá wọ́n ti kọjá. Nígbà tí ọ̀sán yẹ̀, ó jókòó tì mí. Ó ní, 'Màmá, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ọmọ yín ló wà lẹ́nu gọ̀lù.' Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n wúre fún ọ, kí ọwọ́ rẹ má yẹ̀, kí ojú má tì ọ́. Mo wúre títí. Òun ló ń ṣe àmín."

Wọ́n ro gààrí, wọ́n tún un rò.

Wọ́n ní, "Mo ní ó yá, ó ku kí n wúre fún ìwọ náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí ni wọ́n ké níta pé ọ̀nà ti là. Ó sì dìde, ó sáré jáde."