Ìdídò Bàbá àti Epo Ìyá Mi

Ẹja ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní bàbá ọkọ mi kò fẹ́ràn ẹja tó bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ǹ bá má ní ìtàn kankan láti kọ.

Bàbá ní oko ńlá kan lọ́nà Ute, oko kòkó àti ọ̀pẹ, odò kékeré kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Kí wọ́n tó bí mi ló ti kó lébìrà jọ, tí wọ́n fi amọ̀ àti òkúta dí odò náà, kí ó lè rí omi bu sí àwọn irúgbìn kòkó rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi náà di adágún, ìdídò náà sì di ti gbogbo ayé. Àwọn ọmọkùnrin ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, àwọn ìyàwó ń fọṣọ, tọkọtaya tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó á múra lọ ya fọ́tò lórí rẹ̀. Bàbá kì í lé ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa kí òun ní Bàbá Olómi.

Ṣùgbọ́n ìdídò ti darúgbó. Lẹ́sẹ̀ rẹ̀, koríko ibì kan máa ń tutù yọ̀yọ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ yòókù ti gbẹ tó ti sán. Ó yẹ kí ẹni tó lójú bi ara rẹ̀ pé níbo ni omi yẹn ti ń wá. Kò sẹ́ni tó bi. Àwọn obìnrin gbin gbúre síbẹ̀, wọ́n ń já a, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi náà jẹ nínú gbúre ọ̀hún, ó sì dùn.

Ní ẹ̀gbẹ́ kan ìdídò, wọ́n la ọ̀nà sílẹ̀ fún omi tó bá pọ̀ jù, kí ó lè ṣàn sọ̀kalẹ̀ láìgun orí amọ̀. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti kún adágún, ẹja á bá omi gba ọ̀nà yẹn lọ, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò á sì fi agbọ̀n gbà á. Ìyá mi wà lára wọn. Ìsàlẹ̀ odò yẹn ló ti ń ṣe epo pupa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kòtò epo rẹ̀ kò sì jìnnà sí omi. Nígbà tí mo wá fẹ́ ọmọ Bàbá, ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀fẹ̀ nínú ilé: àna Bàbá ló ń jẹ ẹja Bàbá. Bàbá máa ń rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé inú.

Ní ọdún kan, kò pẹ́ lẹ́yìn tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Bàbá ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ hun ọgbà sí ọ̀nà omi náà, kí omi máa kọjá, kí ẹja dúró. Ọgbà náà dá ẹja dúró lóòótọ́. Ó tún dá ewé dúró, àti igi gbígbẹ, àti gbogbo pàǹtí tí òjò bá gbá wá.

Ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ọdún náà, ìjọ wa lọ ṣe Gálílì níbẹ̀, kí a jẹun, kí a ṣeré bí a ti máa ń ṣe. Orí ìdídò gan-an ni wọ́n tẹ́ ẹní sí nítorí atẹ́gùn. Àwọn ọ̀dọ́ ń wẹ̀, àwọn àgbà ń kọrin, ìrẹsì ń hó lábẹ́ igi. Òjò kò rọ̀ lọ́dọ̀ wa, oòrùn ń ràn. Ṣùgbọ́n lókè lọ́hùn-ún, lápá Ìdóàní, ojú ọ̀run ti dúdú láti òwúrọ̀, ààrá sì ń kùn. Òjò tó bá rọ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀dọ̀ wa ni omi rẹ̀ ń bọ̀.

Mo lọ bu omi tí a ó fi fọ àwo. Nígbà tí mo padà lọ bu òmíràn, òkúta tí mo dúró lé lẹ́ẹ̀kan ti rì. Mo wo ọgbà ẹja, ewé ti dí i pa. Mo wo ibi tí orí ìdídò ti rẹlẹ̀ jù, níbi tí àwọn ìyá ìjọ jókòó sí: díẹ̀ ló kù kí omi kan ẹní wọn. Ẹ̀rù bà mí. Inú sì tún bí mi, nítorí mo ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

Ìyàwó ilé kì í bá bàbá ọkọ rẹ̀ jiyàn láàárín ìjọ. Mo kúnlẹ̀, mo rọra sọ ọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ọgbà yẹn ti dí. Omi ń gòkè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u."

Bàbá wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ohun tí ìyàwó wa fọ̀? Éè ṣe omi ló ń bà á lẹ́rù. Ẹja ìyé rẹ̀ ló tán nísàlẹ̀ odò!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ìjọ kún orí ìdídò lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ká ní ìyá mìíràn ló bí mi ni, wọn ì bá gbà mí gbọ́.

Ọkọ mi náà ń rẹ́rìn-ín. Mo fà á lápá lọ sẹ́bàá ọgbà, mo ní kó wò ó dáadáa. Ó wò ó. Ó wo ẹ̀yìn ìdídò, níbi tí amọ̀ ti ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀ lókè oko gbúre. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó lọ mú àdá.

"Ẹ dúró!" mo ní. "Bí ẹ bá gé e báyìí, orí ìyá mi ni gbogbo omi yìí máa dà lé. Wọ́n wà nínú kòtò epo."

Mùsùlùmí ni ìyá mi. Àjíǹde kò kàn án, ọjọ́ iṣẹ́ ni ọjọ́ náà fún un.

Ọkọ mi wo ìsàlẹ̀ odò. "Sáré," ó ní. "Bí o bá ti mú wọn jáde, ké sí mi, n ó gé e. Ṣùgbọ́n tí omi bá kan ẹní kí n tó gbọ́ ohùn rẹ, n ó gé e bẹ́ẹ̀ náà. Bí ìdídò bá já, kò sẹ́ni tó máa kù, lókè tàbí nísàlẹ̀."

Mo kórìíra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo ká ìró mi sókè, mo sáré.

Ìyá mi wà nínú kòtò, omi dé e ní orúnkún, òun àti obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn láti àárọ̀, epo sì ti léfòó, ó ń hó pupa lójú omi. Àkókò yẹn gan-an ni wọ́n máa ń fi igbá gbọ́n ọn. Àwọn obìnrin méjì yẹn rí ojú mi, wọ́n jáde, wọn kò bi mí ní nǹkan kan.

"Ìyé, ẹ jáde! Ìdídò fẹ́ já!"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fọ̀ pé ìdídò fẹ́ já. Mú igbá, ọma mi, bá mi gbọ́n ọn. Á yá."

"Ìyé, omi ń bọ̀!"

"Epo ti léfòó. Jẹ́ n gbọ́n ọn tán."

Mo di apá rẹ̀ mú, mo fà á. Epo ti mú apá náà yọ̀, ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ń gbọ́ orin lókè, wọ́n ṣì jókòó sórí ẹní wọn. Mo ń rí àdá ọkọ mi lójú mi. Ta ló lè bẹ ìyá mi kúrò nídìí epo? Ọkọ́ kan wà nílẹ̀. Mo gbé e, mo fi gé etí kòtò lápá ibi tó dojú kọ odò.

Epo ló kọ́kọ́ jáde, nítorí òun ló wà lókè. Ó gba orí koríko lọ, ó ń dán nínú oòrùn, gbogbo làálàá ìyá mi. Ìyá mi ké igbe kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ọma mi da epo mi nù! Ẹ gbà mí o!"

Ó fò jáde nínú kòtò, ó gbá tẹ̀lé mi. Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Mo sá gun òkè, ó ń lé mi, ó ń yọ̀ ṣubú, ó ń dìde, ó ń ṣépè lé mi lórí. Bí mo ti ń sá ni mo ń ké sí ọkọ mi: "Ẹ gé e! Ẹ gé e o!" Ọwọ́ ìyá mi tó mi nígbà tí a gun òkè dé ìdí igi ìrókò kan. Ó gbá mi létí, etí mi hó. Kí ó tó gbá èkejì ni a gbọ́ omi.

Omi náà pọ́n, ó ru igi àti ọgbà àti ẹja, ó gba orí kòtò kọjá. Nígbà tó lọ sílẹ̀, a kò mọ ibi tí kòtò wà mọ́. Ìkòkò, òkìtì ẹyìn, gbogbo rẹ̀ ló bá omi lọ. Ìyá mi dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Èmi bú sẹ́kún, n kò sì mọ̀ bóyá ti ìbínú ni tàbí ti ayọ̀.

Ìdídò dúró. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá fúnra rẹ̀ gbé agbọ̀n ẹja lọ sílé ìyá mi, ó ní kí àna òun dárí ji òun. Kò tún ṣe ọgbà mọ́. Ìyá mi gba ẹja náà, ó dúpẹ́.

"Èmi kò bínú sí yín, Bàbá," ó ní. "Omi kò fọwọ́ kan epo mi. Ọma mi ló dà á nù."

Bó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, ọdún dé, ọdún lọ. Ní ìkómọ, ní ìgbéyàwó, bí a bá ti bu ọbẹ̀ síwájú rẹ̀, á wò mí, á ní: "Ǹ bá ti gbọ́n ọn tán." Mo pe ọkọ mi jẹ́rìí, mo pe àwọn obìnrin méjèèjì jẹ́rìí, kò gbà. Èmi náà kì í gbà fún un. A jà á títí irun mi fi funfun.

Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn tó gbẹ̀yìn, èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń fi omi pa á lẹ́sẹ̀, ó lajú.

"Ǹ bá ti gbọ́n ọn tán," ó ní.

Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè bá a jà mọ́. "Ẹ̀ bá ti gbọ́n ọn tán, Ìyé," mo ní.

Ó yíjú sí mi, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀.

"Irọ́ lo ń pa," ó ní, ó sì di ọwọ́ mi mú.